Mo Ní Ẹ̀dà Tuntun Náà Kò Wúlò

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sùúrù ka ọ̀rọ̀ mi yìí dé òpin kí ẹ tó bú mi. Ẹ̀rù ń bà mí bí mo ṣe ń kọ ọ́. Mo ti kọ ọ́ tẹ́lẹ̀, mo pa á rẹ́, mo tún bẹ̀rẹ̀. Mo pa irọ́ kan níbi iṣẹ́ mi, mo sì rò pé kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ láìpẹ́ yìí ló jẹ́ kí n rí i pé bí mo bá dákẹ́, ẹlòmíràn ni yóò jìyà rẹ̀. Bóyá ọmọ tí wọn kò tíì bí.

Minna ni mò ń gbé, ní Tudun Wada. Ọmọ Ìwó ni wá, èmi àti ọkọ mi. Iṣẹ́ ìjọba ló gbé e wá síbí, ibí ni a sì bí àwọn ọmọ sí, tí wọ́n gbọ́ Hausa ju Yorùbá lọ. Ẹ máa pè mí ní Ìyá Sódíq. Orúkọ mi kọ́ nìyẹn, mo sì ti yí orúkọ gbogbo ẹni tí mo máa dárúkọ padà.

Ilé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ aládàáni kan ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mò ń bójú tó kọ̀ǹpútà wọn. Mo kàwé rẹ̀, mo sì mọ iṣẹ́ náà dáadáa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rò pé àìmọ̀kan ló fa ohun tí mo ṣe.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀. Ètò kan wà lórí kọ̀ǹpútà wa tó ń fún ẹnikẹ́ni tó bá wá ṣe àyẹ̀wò ní nọ́ḿbà. Nọ́ḿbà yẹn la máa ń lẹ̀ mọ́ ìgò ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, òun náà la sì fi ń tẹ èsì rẹ̀ jáde, láìsí orúkọ lórí ìwé náà. Ètò náà ti pẹ́. Ẹni tó ṣe é ti kó kúrò nílùú, kò sì ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà tuntun kankan. Nígbà tí kọ̀ǹpútà àtijọ́ wa kú, èmi ni mo wá ọgbọ́n sí i. Sọ́fítíwíà kan wà tó lè dá kọ̀ǹpútà mìíràn sínú kọ̀ǹpútà. Ẹ ó ra kọ̀ǹpútà tuntun, ẹ ó sì jẹ́ kí ti àtijọ́ máa gbé inú rẹ̀, bí ẹni pé nǹkan kan kò yí padà. Ọ̀fẹ́ ni èyí tí mo lò. Ó ṣiṣẹ́. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà, yìn mí lójú gbogbo òṣìṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ó ní èmi ni mo gba ilé iṣẹ́ náà là. Mi ò gbàgbé ìyìn yẹn. Bóyá ibẹ̀ ni wàhálà mi ti bẹ̀rẹ̀.

Ọdọọdún ni àwọn tó ṣe sọ́fítíwíà náà máa ń gbé ẹ̀dà tuntun jáde, èyí tí wọ́n ń tà. Ọdọọdún ni Dókítà máa ń bi mí bóyá ó yẹ ká rà á. Mo máa ń yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa. Ohun tí mo máa ń bi ara mi ni pé, kí ló ń yọ wá lẹ́nu tí tuntun yìí máa bá wa tún ṣe? Nígbà tó jẹ́ pé àwọ̀ ojú rẹ̀ ni wọ́n yí padà, tàbí wọ́n fi ohun tí a kò ní lò láéláé kún un, mo máa ń sọ fún un pé ká fi sílẹ̀. Òótọ́ ni mò ń sọ nígbà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́ níbẹ̀ yẹn.

Hadiza ló kọ́kọ́ rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Ọmọ Nupe ni, láti Bida. Ó ti sin ìjọba lọ́dọ̀ wa, Dókítà sì gbà á síṣẹ́ lẹ́yìn ìgbà náà. Ìdí káńtà ló ń jókòó sí, òun ló ń gba orúkọ àwọn ènìyàn, tó sì ń tẹ èsì wọn. Òun náà kàwé kọ̀ǹpútà, ìwé tirẹ̀ sì tuntun ju tèmi lọ. Ó wá bá mi, ó ní òun ṣàkíyèsí pé bí iná bá lọ lójijì, kọ̀ǹpútà ti inú yẹn máa ń padà sẹ́yìn nígbà tó bá tún ṣí. Ó máa ń gbàgbé ohun tí wọ́n ṣe gbẹ̀yìn. Mo sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ó lọ kà á fúnra rẹ̀, ó sì rí i pé ẹ̀dà tuntun tí wọ́n ń tà ti wo àrùn yẹn sàn. Ó sọ ọ́ fún Dókítà, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ó sì ní èmi ni kí wọ́n bi.

Dókítà ní kí n dán an wò, kí n sọ òótọ́ fún òun.

Wọ́n máa ń jẹ́ kí ènìyàn lo tuntun náà lọ́fẹ̀ẹ́ fún ìgbà díẹ̀, kó fi mọ̀ bóyá ó fẹ́ ẹ. Mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà kan nínú ọ́fíìsì mi, mo fi ti àtijọ́ sórí èkejì. Mo ti ilẹ̀kùn. Mo kọ orúkọ àwọn ènìyàn tí kò sí sínú àwọn méjèèjì, mo wá fa okùn iná wọn yọ lára ògiri. Nígbà tí mo tún tàn wọ́n, tuntun náà dúró sí ibi tó dé gẹ́lẹ́. Ti àtijọ́ padà sẹ́yìn. Orúkọ tí mo kọ gbẹ̀yìn kò sí níbẹ̀ mọ́, nọ́ḿbà wọn sì ti di òfìfo, ó ń dúró de ẹlòmíràn. Mo tún un ṣe. Bákan náà ló rí.

Mo mọ̀ nígbà náà. Mo jókòó lórí àga mi, mo mọ̀ pé Hadiza tọ̀nà, mo sì mọ̀ pé ohun tí wọ́n yìn mí fún kò dára tó.

Àwọn kan ti ń sọ pé Dókítà fẹ́ ṣí ẹ̀ka mìíràn sí Barkin Sale, pé Hadiza ló máa fi ṣe olórí kọ̀ǹpútà ibẹ̀. Ó ti ń pè é sí ọ́fíìsì rẹ̀ ju bó ṣe ń pè mí lọ. Ẹ̀rù bà mí. Mo ti lé ní ogójì ọdún, mo sì rò pé bí mo bá gbà pé òun ló tọ̀nà, wọn ò ní nílò mi mọ́.

Mo lọ bá Dókítà, mo ní, “Mo ti dán an wò, sà. Kò wúlò. Ẹwà lásán ni wọ́n fi kún un.”

Ó gbà mí gbọ́. Kò tiẹ̀ béèrè ohun mìíràn. Hadiza wà níbẹ̀. Ó wò mí, ó wo ilẹ̀, ó ní, “Toh, Àǹtí, ẹ̀yin lẹ mọ̀ jù.”

Ìgbà ooru ni ohun tí mo ń sọ yìí ṣẹlẹ̀, nígbà tí iná kì í dúró ní Minna rárá. Lọ́jọ́ kan, wọ́n mú iná lọ lọ́sàn-án, bátìrì tó yẹ kó gbà á kò gbà á. Kọ̀ǹpútà kú. Nígbà tí wọ́n tan jẹnẹrétọ̀, ètò wa ṣí, àmọ́ ó ti padà sí bó ṣe wà láàárọ̀. Kò sẹ́ni tó tètè mọ̀. Nọ́ḿbà tí a ti fún àwọn kan láàárọ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fún àwọn tó wá lọ́sàn-án. Ẹ̀jẹ̀ ènìyàn méjì wá ń jẹ́ nọ́ḿbà kan náà. Nígbà tí àwọn tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò fi èsì ránṣẹ́, ọ̀kan ṣoṣo ni kọ̀ǹpútà lè gbà fún nọ́ḿbà kan. Èyí tó dé gbẹ̀yìn ló mú, òun ló sì tẹ̀ fún àwọn méjèèjì.

Ọkùnrin kan ló jẹ́ ká mọ̀. Ó ti máa ń fi ẹ̀jẹ̀ ta àwọn aláìsàn lọ́rẹ, nítorí náà ó mọ irú ẹ̀jẹ̀ tó wà lára rẹ̀. Ó ní irú èyí tí a kọ fún òun kì í ṣe tòun. Wọ́n tún un yẹ̀ wò, ó sì tọ̀nà. Inú bí Dókítà gan-an. Ó ní kí n lọ wo ohun tó ṣẹlẹ̀.

Mo wọlé, mo wò ó. Àkọsílẹ̀ kan tí sọ́fítíwíà náà fúnra rẹ̀ fi pa mọ́ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà náà tó fi bí ti àárọ̀ ṣe rí kí iná tó lọ hàn, orúkọ gbogbo àwọn tó wá láàárọ̀ sì wà nínú rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá wò ó á rí i pé kọ̀ǹpútà ló padà sẹ́yìn, á sì rántí pé mo ní ẹ̀dà tuntun kò wúlò. Lára àwọn nọ́ḿbà tó pàdé ara wọn, mo rí nọ́ḿbà kan tí àwọn tó ni ín wá ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótaìpù. Èsì AS ló kọ́kọ́ wọlé fún un, AA wá lé e kúrò. Mo rí orúkọ ẹni tó wá lọ́sàn-án, mo sì mọ̀ ọ́n: Ràfíátù, olùkọ́ ọmọ mi. Mi ò wo orúkọ ẹni ti àárọ̀. Ọwọ́ mi ti wà lórí ibi tí wọ́n ti ń pa nǹkan rẹ́.

Mo pa àkọsílẹ̀ náà rẹ́.

Dókítà pe gbogbo wa. Ó bi mí bóyá kọ̀ǹpútà lè ṣe irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀. Mo ní kọ̀ǹpútà kì í ṣe bẹ́ẹ̀, pé ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ló gbọ́dọ̀ ti ṣì í tẹ̀. Gbogbo ojú yí sí Hadiza. Kò sunkún. Ó kàn ń sọ pé wallahi òun kò ṣì í tẹ̀. Wọ́n lé e lọ́jọ́ yẹn. Ó wá kí mi pé ó dàbọ̀ kó tó lọ, ìyẹn ló burú jù.

Láti ìgbà náà, mi ò sinmi mọ́. Bí iná bá lọ, màá sáré lọ dúró ti kọ̀ǹpútà. Mò ń fọwọ́ tì í pa nígbàkigbà tí iná bá ń ṣẹ́jú. Àwọn ará ibi iṣẹ́ ní mo fẹ́ràn iṣẹ́ mi jù.

Ní ti Ràfíátù, mo sọ fún ara mi pé bóyá ilé ẹ̀kọ́ ló ní kó lọ ṣe àyẹ̀wò. Mo ní bóyá òun gan-an ni AA. Mo ní màá sọ fún un lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀sẹ̀ ń bọ̀, ọ̀sẹ̀ ń lọ. Lọ́jọ́ kan, ó wá sílé wa pẹ̀lú ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń jẹ́ Lukman. Wọ́n wá pè wá sí nikah wọn. Ọkọ mi ń yọ̀ mọ́ wọn. Ràfíátù ní, “Mummy Sódíq, ibi iṣẹ́ yín ló fi wá lọ́kàn balẹ̀ o. AS ni Lukman, ẹ̀rù ti ń bà mí tẹ́lẹ̀. Àfi ìgbà tí mo rí AA tèmi.”

Bí AS bá fẹ́ AS, ẹ̀yin náà mọ irú ọmọ tí wọ́n lè bí. Mo ní ẹ̀gbọ́n tó bí ọmọ fòníkú-fọ̀ladìde. Mo ti gbọ́ bí ọmọ yẹn ṣe máa ń ké nígbà tí egungun bá ń dùn ún. Mo mọ̀ ọ́n, síbẹ̀ mo gbé ọwọ́ sókè, mo ṣe àdúà fún ìgbéyàwó wọn. Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò ní àlàyé.

Wọ́n ṣe nikah. Kò pẹ́, Ràfíátù lóyún. Mo bá a pàdé ní ọjà Kure, ó ń yan aṣọ ọmọ, ó sì dì mọ́ mi. Mo bi í bóyá wọ́n ti tún jẹ́nótaìpù rẹ̀ yẹ̀ wò níbi tó ti ń gba ìtọ́jú oyún. Ó ní rárá, wọ́n ní kò sídìí rẹ̀ torí pé èsì wa wà lọ́wọ́ òun. Ìdí rẹ̀ nìyẹn tí mi ò fi lè jẹun mọ́. Ọkọ mi rò pé ibà ni. Ó ra oògùn fún mi.

Ìgbà tí mi ò lè fara dà á mọ́, mo parọ́ mìíràn. Mo sọ fún Ràfíátù pé ibi iṣẹ́ wa ń ṣe àyẹ̀wò ọ̀fẹ́ fún àwọn aláboyún, pé kó wá. Èmi fúnra mi ni mo mú un wọlé. Mo dúró lẹ́yìn ẹni tó ń yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò títí ó fi ní kí n yé mí sí òun lọ́rùn. Ó wò ó, ó tún un wò, ó ní AA ni.

Mo lọ sẹ́yìn ilé níbi ẹ̀rọ omi, mo sunkún, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Mo ti ń sọ fún ara mi pé ó ti parí. Kí n má parọ́ fún yín, mi ò rántí Hadiza rárá nígbà yẹn.

Mo bá Ràfíátù wọ kẹ̀kẹ́ padà sílé. Inú mi dùn, mò ń bá a ṣàwàdà. Ó ní ibi iṣẹ́ wa máa ń rán òun létí ọjọ́ tí òun kọ́kọ́ wá gba èsì. Ó ní ọmọbìnrin kan wà níbẹ̀ tó wá gba tirẹ̀, pé ó jọ pé nọ́ḿbà kan náà ni wọ́n pè fún àwọn méjèèjì, àwọn sì fi rẹ́rìn-ín. Wọ́n jọ ṣí ìwé wọn lẹ́ẹ̀kan náà, AA ni ti àwọn méjèèjì. Ó ní, “A dì mọ́ra bí ẹni tó ti mọra tipẹ́, Mummy. Òun náà ní AS ni ẹni tó ń fẹ́ òun.”

Mo bi í pé kí lorúkọ ọmọbìnrin náà. Ó ní òun kò bi í. Hausa ni wọ́n jọ sọ. Ó ga, ó dúdú, ẹ̀rín pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyẹn nìkan ló mọ̀.

Ẹ ti rí i. Bí AA bá jẹ́ ti Ràfíátù lóòótọ́, ọmọbìnrin yẹn ló ni AS tí kọ̀ǹpútà wa lé kúrò. Ó mú ìwé wa lọ fi fẹ́ ọkọ tó jẹ́ AS. Ibì kan ṣoṣo tí orúkọ rẹ̀ wà, èmi ni mo pa á rẹ́.

Mo sọ fún ẹni tó ń wa kẹ̀kẹ́ pé kó já mi sílẹ̀.

Mo wá Hadiza lọ. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kọ̀ǹpútà ní ilé ẹ̀kọ́ kékeré kan ní Barkin Sale. Nígbà tó rí mi, ó kí mi káàbọ̀, sannu da zuwa, ó fún mi ní àga. Mo kúnlẹ̀. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan okùn iná tí mo fà yọ àti èsì tí mo rí. Lẹ́yìn náà ló ní kí n dìde, pé àwọn ọmọ ń wò wá.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó rántí ọmọbìnrin yẹn. Ó di ojú, ó gbìyànjú. Ó ní òun rántí àwọn méjì tó dì mọ́ra níwájú káńtà, ṣùgbọ́n òun kò rántí orúkọ.

Mo ní kó dárí jì mí. Ó ní, “Àǹtí, bàbá mi kú pẹ̀lú èrò pé wọ́n lé mi níbi iṣẹ́ nítorí àìbìkítà. Mi ò tíì mọ ohun tí màá sọ fún yín lórí ìyẹn. Ẹ lọ wá ọmọbìnrin yẹn ná.”

Ibẹ̀ ni mo gbà lọ bá Dókítà. Mo rò pé yóò lé mi, tàbí kó pe ọlọ́pàá. Ó gbọ́ mi dé òpin. Ó bọ́ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún. Ó bi mí ẹni mìíràn tó mọ̀, mo dárúkọ Hadiza. Ó ní, “Ìyá Sódíq, ẹ lọ ra ẹ̀dà tuntun yẹn lónìí. Ọ̀rọ̀ yìí kò gbọ́dọ̀ jáde. Bó bá jáde, gbogbo wa là ń ti ilẹ̀kùn yìí pa, ẹ̀yin lẹ sì máa kọ́kọ́ lọ sẹ́wọ̀n.” Mo bi í nípa Hadiza, ó ní òun á wo ohun tí òun lè ṣe. Mo bi í nípa ọmọbìnrin náà, ó ní ìlú yìí tóbi.

A ti rà á. Èmi ni mo gbé e sórí kọ̀ǹpútà. Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, iná lọ lánàá, kò sì pàdánù ohun kan. Ìyẹn kò fún mi ní oorun.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́. Bí ẹ bá ṣe jẹ́nótaìpù ní ilé àyẹ̀wò aládàáni kan ní Minna, ní ìgbà ooru, lọ́jọ́ tí iná lọ lọ́sàn-án tí wọ́n sì ní kí ẹ padà wá gba èsì, ẹ lọ tún un ṣe níbòmíràn. Bí ẹ bá mọ ọmọbìnrin kan tó ga, tó dúdú, tó fẹ́ràn ẹ̀rín, tó sọ fún yín pé òun àti àjèjì kan dì mọ́ra nítorí AA, ẹ ní kó lọ tún un ṣe. Kó lọ kó tó fẹ́ ọkọ. Bó bá ti fẹ́ ẹ, kó lọ kó tó lóyún. Bó bá ti lóyún, kó ṣì lọ, kí dókítà tirẹ̀ lè mọ̀.

Ohun tí mo fẹ́ bi yín nìyí. Ṣé kí n dárúkọ ilé iṣẹ́ náà ní gbangba, kí n sì gba ohunkóhun tó bá tẹ̀lé e? Mo ní ọmọ mẹ́ta. Ọkọ mi kò tíì mọ̀. Ó ń pè mí láti pálọ̀ báyìí pé kí n wá jẹun, mi ò sì mọ ojú tí màá fi wò ó.